Bí A Ṣe Lè Mọ Ibi Tí Irinṣẹ́ Tó Ń Falẹ̀ Ti Ń Darí Ọwọ́ Ẹni Nínú Kóòdù Kíkọ

Ẹni tó mọ̀ pé bí òun bá fọwọ́ kan fáìlì kan báyìí, ó di dandan kí compiler (ètò tó ń sọ kóòdù di ohun tí kọ̀ǹpútà lè ṣe) tún gbogbo ètò náà ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, yóò wá ọ̀nà tí kò fi ní fọwọ́ kàn án, kódà bí ibẹ̀ gan-an bá jẹ́ ibi tó yẹ kí àtúnṣe náà wọlé sí. Bí ìdúró ṣe ń wọ inú kóòdù nìyẹn. Lẹ́yìn ọdún méjì, ẹni tó bá dé tuntun yóò rò pé ìmọ̀ iṣẹ́ ló fà á tí a fi to fáìlì báyẹn, nígbà tó jẹ́ pé sùúrù ẹnìkan ló tán ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹni tó fẹ́ ya ìpinnu tí iṣẹ́ fúnra rẹ̀ béèrè sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí irinṣẹ́ tó ń falẹ̀ fi túláàsì mú un ṣe.

Ẹ kọ́kọ́ ṣí fáìlì kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ iṣẹ́ yín fún ọ̀sẹ̀ kan. Nígbàkigbà tí ẹ bá yí ìpinnu padà nítorí pé ẹ kò fẹ́ dúró, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ ní gbólóhùn kan: ohun tí ẹ fẹ́ ṣe, ohun tí ẹ wá ṣe, àti ibi tí ó ṣẹlẹ̀. Ó yẹ kí èyí ṣáájú wíwọn àkókò, nítorí aago lè sọ iye ìṣẹ́jú tí build (kíkó kóòdù pọ̀ di ètò tó lè ṣiṣẹ́) gbà, ṣùgbọ́n kò sí bí ó ṣe lè sọ àtúnṣe tí ẹnikẹ́ni kò dábàá rẹ̀ rárá. Ẹ ó rí i pé ẹ ṣe àdàkọ function kan (ẹyọ kóòdù tó ń ṣe iṣẹ́ kan) sínú fáìlì tiyín dípò kí ẹ fi í sí ibi tí gbogbo ènìyàn ti lè lò ó. Ẹ ó rí orúkọ tí kò bá iṣẹ́ rẹ̀ mu mọ́, tí ẹ fi sílẹ̀ nítorí pé yíyí i padà yóò kan ọgọ́rọ̀ọ̀rún fáìlì. Ẹ ó rí òfin iṣẹ́ tí ẹ kó lọ sínú fáìlì JSON, tí a fi ń kó dátà lásán sí, kí ó má bàa gba ọwọ́ compiler kọjá, tí compiler kò sì lè bá yín ṣọ́ àṣìṣe inú rẹ̀ mọ́.

Lójú tèmi, èyí tó burú jù nínú wọn ni kí a máa kó àyípadà jọ. Ẹni tí ìdánwò rẹ̀ ń gba ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kì í yí nǹkan kan ṣoṣo padà kí ó tó dán an wò; yóò yí mẹ́jọ padà, yóò sì dán gbogbo wọn wò lẹ́ẹ̀kan. Bí ìdánwò náà bá wá kùnà, kò ní mọ èwo nínú mẹ́jọ ló fà á, wíwá a yóò sì gbà ju ìṣẹ́jú tí ó fẹ́ dá sí lọ. Àwọn tó ń ṣàyẹ̀wò kóòdù rẹ̀ náà yóò jìyà, nítorí iṣẹ́ tó dé ọwọ́ wọn á ti tóbi ju ohun tí ojú lè yẹ̀ wò dáadáa.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ yẹn, ẹ wọn àkókò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń pa gbogbo àbájáde àtijọ́ rẹ́, wọn a bẹ̀rẹ̀ build láti òdo, wọn a sì máa gbé iye ìṣẹ́jú yẹn kiri. Ṣùgbọ́n àkókò tó ń darí ọwọ́ wa lójoojúmọ́ ni èyí tó wà láàárín ìgbà tí a yí ìlà kan padà àti ìgbà tí a rí ohun tí àyípadà náà fà. Ẹ yan fáìlì mẹ́ta: ọ̀kan tí ẹ máa ń ṣí lójoojúmọ́, ọ̀kan tí ọ̀pọ̀ fáìlì mìíràn gbára lé, àti ọ̀kan tí gbogbo ènìyàn ń sá fún. Ẹ yí ìlà kan padà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì ka àkókò. Jakob Nielsen, onímọ̀ nípa bí ènìyàn ṣe ń lo kọ̀ǹpútà, nínú ohun tó kọ ní 1993, fi ìṣẹ́jú àáyá 1 ṣe òpin ìdúró tí kò ní já èrò ènìyàn, ó sì fi 10 ṣe òpin èyí tí ọkàn rẹ̀ fi lè wà lórí iṣẹ́. Build tó lè wọ inú ìṣẹ́jú àáyá 1 kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n 10 yẹn jẹ́ ààlà tó wúlò: fáìlì tó bá ti kọjá rẹ̀, ẹ fi í wé àkọsílẹ̀ ọ̀sẹ̀ yín, kí ẹ wò ó bóyá òun náà ni ẹ ti ń yí ìpinnu padà nítorí rẹ̀.

Inú èdè C++ ni ọ̀rọ̀ yìí ti fojú hàn jù, nítorí pé #include, àṣẹ tí a fi ń pe fáìlì mìíràn wọlé, máa ń da gbogbo ohun tó wà nínú header (fáìlì tó ń kéde ohun tí àwọn fáìlì mìíràn lè lò) sínú fáìlì kọ̀ọ̀kan tó bá pè é. Ní 2007, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ Google wọn ọ̀kan nínú àwọn ètò ńlá wọn. Fáìlì tó wà níbẹ̀ tó nǹkan bí 2000, gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ sì jẹ́ mẹ́gábáìtì 4.2, ṣùgbọ́n nígbà tí gbogbo header ti wọlé tán, ohun tí compiler ní láti kà ju gígábáìtì 8 lọ. Rob Pike, ọ̀kan nínú àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ Google, ló ròyìn èyí ní 2012. Òun, Robert Griesemer àti Ken Thompson ti bẹ̀rẹ̀ èdè Go ní 2007 yẹn kan náà, ìdúró yìí sì wà lára ohun tó sún wọn. Ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ àṣìṣe nínú Go pé kí a pe package (àkójọ kóòdù) tí a kò lò, tí kò sì sí àyè kí package méjì máa pe ara wọn ní àpèyípo.

Bí C++ ni ẹ fi ń ṣiṣẹ́, ẹ fi -ftime-trace kún àṣẹ Clang, ọ̀kan nínú àwọn compiler C++. Ó ti wà nínú rẹ̀ láti ẹ̀dà 9 tó jáde ní 2019. Yóò kọ fáìlì JSON kan sílẹ̀, ẹ sì lè ṣí i nínú Perfetto, irinṣẹ́ tó ń fi àkókò hàn bí àwòrán, láti rí header tó ń jẹ àkókò jù. Lẹ́yìn náà, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àtúnṣe tí kò ní ba kóòdù jẹ́. Ẹ jẹ́ kí ccache máa tọ́jú àbájáde, kí fáìlì tí kò yí padà má bàa tún gba ọwọ́ compiler. Níbi tí ẹ bá ti ń lo pointer tàbí reference (ohun tó kàn ń tọ́ka sí ibi tí nǹkan wà) sí class kan (àpẹẹrẹ tí a fi ń ṣẹ̀dá nǹkan nínú kóòdù) nìkan, ẹ kàn dárúkọ class náà láìpe header rẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní pimpl, níbi tí a ti ń fi gbogbo inú class pamọ́ sẹ́yìn pointer kan, nílò ìrònú sí i. Ó yẹ láíbúrérì tí àwọn ẹlòmíràn ń lò, ṣùgbọ́n ó máa ń gba àyè memory lọ́tọ̀, ó sì ń mú kí kíkà kóòdù náà le sí i. Bí ó bá jẹ́ pé nítorí ìdúró nìkan ni ẹ fi lò ó, ẹ kọ ìdí náà sí orí class yẹn.

Lọ́dọ̀ àwọn tó ń fi èdè Kotlin kọ ètò Android, Gradle, irinṣẹ́ tó ń ṣe build, ni ìdúró pọ̀ sí, pàápàá lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká tí RAM rẹ̀ kò ju gígábáìtì 8 lọ. Ẹ pàṣẹ ./gradlew assembleDebug --profile, kí ẹ sì ka àbọ̀ tó wà nínú build/reports/profile. Bí kapt (irinṣẹ́ tó ń bá láíbúrérì ṣẹ̀dá kóòdù) bá ń jẹ àkókò, ẹ lọ sí KSP, tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, níbi tí láíbúrérì yín bá ti gbà á, nítorí kapt gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣẹ̀dá stub Java (ẹ̀dà tó ní orúkọ nìkan láìní iṣẹ́ inú) láti inú kóòdù Kotlin kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo ibi tí ẹ ti lo api dípò implementation, ọ̀nà méjì tí module (ẹ̀ka ètò) kan fi ń pe òmíràn: api máa ń jẹ́ kí àyípadà ojú ìta module kan tàn dé ọ̀dọ̀ àwọn tí kò pè é tààrà. Ẹ tan org.gradle.caching àti org.gradle.configuration-cache nínú gradle.properties, kí Gradle máa tún àbájáde àtijọ́ lò. Ẹni tí emulator (fóònù àfarawé inú kọ̀ǹpútà) ń mú kọ̀ǹpútà rẹ̀ wúwo, kí ó so fóònù gidi mọ́ ọn. Níbi tí iná kì í ti í dúró, ẹ ó rí i pé èyí dá bátìrì sí pẹ̀lú.

Ẹ má ṣe yára yí bí kóòdù ṣe rí padà nítorí ohun tí irinṣẹ́ fúnra rẹ̀ lè borí lọ́la. Ní oṣù Kẹta ọdún 2025, Anders Hejlsberg, olórí àwọn tó ṣẹ̀dá èdè TypeScript, kéde pé Microsoft ń gbé compiler TypeScript lọ sínú èdè Go. Lórí kóòdù VS Code (ètò tí a fi ń kọ kóòdù), tí ìlà rẹ̀ ju mílíọ̀nù kan àtààbọ̀ lọ, iṣẹ́ tó ń gba ìṣẹ́jú àáyá 77.8 di ti 7.5. Ẹni tó ti fi any (tó ń sọ fún compiler pé kí ó má yẹ irú dátà wò) bo àwọn type (irú dátà) rẹ̀ nítorí ìfàsẹ́yìn náà lè gba compiler tuntun yẹn, ṣùgbọ́n kò sí compiler tó máa bá a yọ any wọ̀nyẹn kúrò. Ìdí rẹ̀ nìyí tí mo fi ń rọ̀ yín pé kí ẹ bi ara yín léèrè, kí ẹ tó tẹ̀ síbi kan: bí build yìí bá yára ní ọ̀la, ṣé mo ṣì máa fẹ́ kóòdù yìí bẹ́ẹ̀? Pípín ètò ńlá sí module tí ààlà wọn mọ́ yóò yege nínú ìbéèrè yìí nígbà púpọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdúró ló kọ́kọ́ mú un wá. Àdàkọ function kò ní yege.

Nígbà tí àkókò bá ti dín kù, ẹ padà sórí àkọsílẹ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn, nítorí ìwà tí ìdúró kọ́ wa kì í bá ìdúró lọ. Ẹ mú ìlà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ ṣe ohun tí ẹ fẹ́ ṣe tẹ́lẹ̀: ẹ pa àdàkọ pọ̀, ẹ yí orúkọ padà, ẹ dá òfin inú JSON padà sínú kóòdù. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ààlà àkókò sínú CI (irinṣẹ́ tó ń ṣe build àti ìdánwò fúnra rẹ̀) fún àwọn fáìlì mẹ́ta tí ẹ wọn, kí ó máa kígbe bí ọ̀kan nínú wọn bá ti kọjá rẹ̀, kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yín tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún fáìlì náà.