Bí a ṣe ń gun rólà-kósítà tí kì í rọra gbéra

Ẹni tó bá dàgbà sí Òṣogbo mọ jáńgílọ́fà tí àwọn ọmọdé máa ń tò sí nígbà Iléyá. Wọ́n á tì í, á máa lọ sókè díẹ̀díẹ̀, ara á sì mọ̀ ọ́n lára. Rólà-kósítà, ìyẹn ọkọ̀ ìgbádùn tó ń sáré lórí irin tó ń gòkè tó ń sọ̀kalẹ̀, ti àtijọ́ náà fi díẹ̀ jọ bẹ́ẹ̀: ṣéènì ló máa ń fà á gun òkè kó tó já bọ́. Èyí tí mò ń sọ kò ní òkè ìbẹ̀rẹ̀ yẹn. Láti orí ilẹ̀ gbalasa ló ti máa gbé yín fò, nítorí náà kí ìmúra ti parí kó tó gbéra.

Fún àwa tí a ní ọmọ tàbí àbúrò ní Dubai, èyí tó súnmọ́ ni Formula Rossa ní Ferrari World, ọgbà ìgbafẹ́ kan ní Abu Dhabi. Nígbà tí wọ́n ṣí i ní 2010, kò sí rólà-kósítà tó yára tó o láyé. Láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, ó ti ń sá 240 kìlómítà ní wákàtí kan. Bí dẹ́rẹ́bà tó ń ti Òṣogbo lọ sí Ìbàdàn bá sá 120, èrò á ti máa bá a jà. Ìlọ́po méjì rẹ̀ nìyẹn! Okùn irin tí ẹ̀rọ alágbára ń ká ló ń fà á. Taron ní tirẹ̀, rólà-kósítà tó wà ní ọgbà ìgbafẹ́ Phantasialand ní Jámánì láti 2016, òòfà oníná ló ń tì í, ẹ̀ẹ̀mejì sì ni: bí ẹ bá rò pé eré ti ń rọlẹ̀, á tún gbé yín fò.

Gèlè, wíìgì àti fìlà, ẹ fi wọ́n sílé. Ìró náà kò dára, torí ọ̀pá irin tí wọ́n máa ń fà bo itan gbọ́dọ̀ jókòó sára; bí aṣọ bá kó jọ sábẹ́ rẹ̀, ẹ lè rò pé ó ti fún nígbà tí kò tíì fún. Ṣòkòtò àti bàtà tó ní okùn ló yẹ. Fóònù àti kọ́kọ́rọ́, inú lọ́kà. Ẹ má gbìyànjú àtiká fídíò fún WhatsApp. Fóònù tó bá bọ́ nínú eré yẹn lè la orí ẹlòmíì. Ẹ má jẹ iyán gùn ún, ẹ má sì fi ebi gùn ún.

Aboyún, ẹni tó ní àìsàn ọkàn, ẹ̀jẹ̀ ríru, tàbí tí ọrùn tàbí ẹ̀yìn ń dùn, kó dúró nísàlẹ̀ máa wòran. Wọ́n á wọn àwọn ọmọ lẹ́nu ọ̀nà, kò sì sí “ẹ jọ̀ọ́ ọ̀gá” níbẹ̀.

Ìlà tí ẹ máa tò wà lára ohun tí ẹ san owó fún. Ní Taron, abúlé olókùúta ni wọ́n kọ́ yí irin rẹ̀ ká, ọkọ̀ á sì máa kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín gìrìrì. Ti Abu Dhabi, mọ́tò ìdíje pupa ni wọ́n fi ṣe àwòṣe ọkọ̀ rẹ̀. Ẹ gbójú kúrò lórí fóònù.

Ìjókòó iwájú fún ẹni tó fẹ́ atẹ́gùn. Ní Formula Rossa, wọ́n á fún yín ní awò tó bo ojú nítorí iyanrìn àti kòkòrò; ẹ fà á kó le.

Ibi tó ṣe pàtàkì jù rèé. Kí ọkọ̀ tó gbéra, ẹ fi ẹ̀yìn àti orí ti ìjókòó pátápátá. Ẹ má na ọrùn síwájú láti wo ohun tó ń bọ̀, torí bó bá ṣe já báyìí, orí á fò padà lu ìjókòó, ọrùn ló máa jẹ ìyà rẹ̀. Ẹ pa eyín dé, kí ahọ́n má wà láàárín. Ẹ di ọ̀pá mú, ẹ wo iwájú, ẹ má sì sé èémí. Tí igbe bá ń bọ̀, ẹ ké e. Èmi ò rò pé dídi ojú ń ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, torí ara kì í mọ kọ́nà tó kàn.

Níparí, bíréèkì á mú un lójijì, orí ṣì gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn. Ẹ dúró kí òṣìṣẹ́ ṣí ọ̀pá náà, ẹ rọra dìde. Wọ́n lè fi fọ́tò yín lọ̀ yín lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ béèrè iye rẹ̀ kí ẹ tó gbà á. Ẹni tó bá tún fẹ́ gùn ún, kó jókòó, kó mu omi díẹ̀, kó tó padà lọ tò.