Bí ẹ bá gbọ́ pé wọ́n ti rí oògùn sepsis, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò báyìí

Ẹ̀yin tèmi, kò sí ọdún tí wọn kì í fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp pé àwọn onímọ̀ ti ṣe pùrótéènì kan ní láàbù tó ń wo sepsis (ìyẹn nígbà tí ara bá ń bá kòkòrò jà kọjá ààlà débi tó fi ń ṣe ara ẹ̀ léṣe), tàbí tó ń pa oró bakitéríà, àwọn èèyàn á sì ti máa ṣàmín lábẹ́ ẹ̀. Mi ò ní kẹ́ ẹ má ṣàmín o. Ẹ ṣá jẹ́ n sọ bí mo ṣe máa ń ka irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ fún yín.

Ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń wá ni pé kí ni pùrótéènì yẹn ń dì mú gan-an? Torí oró bakitéríà àti sepsis kì í ṣe nǹkan kan náà. Oró jẹ́ ohun kan ṣoṣo tí kòkòrò ń tú jáde, ẹ bá ti rí ohun tó lè rọ̀ mọ́ ọn, ẹ ti mú un nìyẹn. Láti 1890 ni àwọn onímọ̀ méjì kan, Behring àti Kitasato, ti fi hàn ní Berlin pé ẹ̀jẹ̀ ẹran tó ti bá oró tẹ́tánọ́ọ̀sì pàdé rí lè gba ẹran mìíràn là, òun ló bí abẹ́rẹ́ ATS, oògùn tó ń mú oró tẹ́tánọ́ọ̀sì, tí wọ́n ń gún fún wa tí ìṣó bá gún wa lẹ́sẹ̀, inú ẹ̀jẹ̀ ẹṣin ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Ẹ bi ìròyìn yín pé ìgbà wo ló yẹ kí wọ́n fún èèyàn náà ní oògùn ọ̀hún, torí oró tẹ́tánọ́ọ̀sì tó bá ti wọ inú iṣan ìmọ̀lára lọ, ATS ò lè fà á jáde mọ́, èyí tó ṣì ń rìn kiri nìkan ló lè mú.

Sepsis ní tiẹ̀, kòkòrò ló dá a sílẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ara fúnra ẹ̀ ló wá ń jà kọjá ààlà, ẹ̀jẹ̀ á máa dì nínú àwọn òpó tín-ín-rín, BP á já wálẹ̀, kíndìnrín á dákẹ́. Èwo lẹ fẹ́ dì mú níbẹ̀? Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé tí ìròyìn bá ní "ó ń wo sepsis" láìsọ ohun tó ń mú, mo máa ń fura.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wò ó bóyá eku ni wọ́n dán an wò lára àbí èèyàn. Eku ti tàn wá jẹ lórí ọ̀rọ̀ sepsis, ó ti tó o jàre. Wọ́n rán pùrótéènì kan pọ̀, apá kan ń gbá TNF mú (TNF yìí wà lára ohun tó ń tanná ran ìjà inú ara), apá kejì jẹ́ ìrù áńtíbọ́dì (pùrótéènì tí ara fi ń gbá ọ̀tá mú), orúkọ ẹ̀ ni etanercept. Ó dáa lára ẹran. Wọ́n wá fún èèyàn, èsì jáde ní 1996: nínú 33 tí wọn ò fún ní oògùn gidi, 10 ló kú, nínú 49 tó gba èyí tó pọ̀ jù, 26 ló kú. Oògùn kan náà yẹn ń bá àwọn tí oríkèé ń dùn ṣiṣẹ́ dáadáa lónìí o, sepsis ni kò bá a mu.

Anthrax, àìsàn bakitéríà kan tó ń pa ẹran àti èèyàn, nìkan ni mo máa ń gba ti ẹran gbọ́ fún. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀ọ́mọ̀ kó anthrax ran èèyàn kó lè dán oògùn wò, nítorí náà nígbà tí FDA, àjọ tó ń fọwọ́ sí oògùn ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí raxibacumab, áńtíbọ́dì tó ń di oró anthrax mú, ní 2012, ara ehoro àti ọ̀bọ ni ẹ̀rí pé ó ń ṣiṣẹ́ ti wá.

Ibi tó wá ṣe pàtàkì jù nìyí: ìdánwò kejì ńkọ́? Oògùn sepsis kan tó ń jẹ́ Xigris ló kọ́ mi. Pùrótéènì ara wa kan tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì ni, ilé iṣẹ́ oògùn Eli Lilly wá ń ṣe é ní láàbù. Ní 2001 èsì jáde lórí aláìsàn 1,690, nínú 100 tí wọn ò fún, bí i 31 ló kú, nínú 100 tí wọ́n fún, bí i 25. Ẹ̀yin náà ẹ ò ní yọ̀? Àmọ́ nígbà tí àwọn olùgbaninímọ̀ràn FDA dìbò, 10 ní ó yá, 10 ní rárá, torí ó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ máa dà lára àwọn kan, FDA ṣáà fọwọ́ sí i, wọ́n ń tà á ní nǹkan bí 7,000 dọ́là fún ẹnì kan. Nígbà tí wọ́n tún un dán wò lára 1,697 èèyàn, àwọn tó gbà á kú bí 26 nínú 100, àwọn tí ò gbà á, 24. October 2011 ni wọ́n kó o kúrò lọ́jà. Ọdún mẹ́wàá gbáko! Nítorí náà iye ẹni tó kú ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ni kẹ́ ẹ máa wá, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi "ìgbóná ara rọlẹ̀" dá yín lóhùn.

Kò sí ìkankan nínú àwọn pùrótéènì yìí tó rọ́pò áńtíbáyọ́tíìkì o. Ẹni tí ara ẹ̀ gbóná, tó ń mí gúlegúle, tí ọ̀rọ̀ ẹ̀ ò já geere mọ́, ọsibítù ló yá, kíákíá, kì í ṣe ìròyìn.

Lákòótán ẹ wo ọjà. Bezlotoxumab ń di oró C. difficile mú, kòkòrò tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru lẹ́yìn tí èèyàn bá lo áńtíbáyọ́tíìkì. Ó ṣiṣẹ́: ìgbẹ́ yẹn padà wá bá bí i 17 nínú 100 tó gbà á, bí i 27 nínú 100 tí ò gbà á. FDA fọwọ́ sí i ní 2016, àmọ́ January 2025 Merck, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é, dá títà ẹ̀ dúró. Kẹ́ ẹ tó fi orúkọ oògùn kankan ránṣẹ́ sí ẹni tí èèyàn ẹ̀ wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ tẹ orúkọ yẹn sórí Google, kẹ́ ẹ fi "discontinued" tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́.