Bí ẹ ṣe máa fìdí múlẹ̀ níbi iṣẹ́ drawing tuntun tí ilé iṣẹ́ yín àtijọ́ bá kógbá wọlé

Ẹ̀yin tí ilé iṣẹ́ yín ṣẹ̀ṣẹ̀ kógbá wọlé, ẹ pẹ̀lẹ́ o, mo mọ bó ṣe ń rí. Ọdún 16 ni mo fi ya drawing kánópì jẹnẹrétọ̀, ìyẹn àwòrán tí wọ́n fi ń ṣe ilé irin tó ń bo jẹnẹrétọ̀, níbì kan ní Ìsọlọ̀ kí wọ́n tó kó wa jọ láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ kan pé ó ti tán. Ìlúpéjú ni mo wà báyìí, pánẹ́ẹ̀lì iná, ìyẹn àpótí irin tí wọ́n ń to bréékà sí, la ń ṣe.

Kí wọ́n tó ti géètì pátápátá, ẹ gba ìwé yín, èyí tó sọ ìgbà tẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tó parí, tó sì dárúkọ iṣẹ́ tẹ́ ẹ ṣe gan-an. Tí ọ̀gá bá ti kó lọ tán, ta ló máa bá yín buwọ́ lù ú? Àmọ́ drawing ilé iṣẹ́, ẹ má kó o sórí flash, tiwọn ni. Ti pẹ́ńṣọ̀n, nọ́ńbà RSA (àkáǹtì owó ìfẹ̀yìntì yín) tẹ́ ẹ ní tẹ́lẹ̀ lẹ máa fún HR tuntun, ẹ má lọ ṣí òmíì. Òfin ọdún 2014 ní kí agbanisíṣẹ́ máa dá ó kéré tán 10% owó oṣù yín sí i, kí òṣìṣẹ́ dá 8%, ẹ yáa wò ó bóyá wọ́n san tiwọn pé. Tẹ́ ẹ bá ti lo oṣù 4 láìríṣẹ́ tẹ́ ẹ ò sì tíì pé 50 ọdún, ẹ lè gbà tó 25% níbẹ̀. Èmi ò fọwọ́ kan tèmi, ṣùgbọ́n ẹni tí owó ilé ìwé ọmọ bá ká mọ́, kó gbà á jàre.

Tí iṣẹ́ bá wá dé, ẹ dán ọ̀nà wò lọ́jọ́ iṣẹ́, kó má jẹ́ Sunday. Láti Agége, ọkọ̀ ojú irin Red Line ni mo ń wọ̀ bọ́ sí Mùṣin, tó bá ti já mi sílẹ̀, ó di dánfó àti sún kẹrẹ fà kẹrẹ nìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ tó ya ìlà kan, ẹ bèèrè drawing mẹ́ta tí workshop ti fi ṣe nǹkan tó jáde dáadáa, ẹ wo bí wọ́n ṣe ń fún un ní nọ́ńbà, tolerance wọn (bí ìwọ̀n ṣe lè yẹ̀ tó), layer wọn (bí wọ́n ṣe pín àwọn ìlà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lórí kọ̀ǹpútà), pàápàá jù lọ ẹ wo àmì projection tó wà nísàlẹ̀, òun ló ń sọ ibi tí wọ́n ń ya ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan nǹkan sí lórí pépà. Ibẹ̀ ló ti mú mi. Níbi tí mo ti wá, first angle là ń lò, ohun tẹ́ ẹ bá rí láti apá ọ̀tún nǹkan, apá òsì pépà lẹ máa yà á sí. Níbí, third angle ni, ọ̀tún máa ń wà lọ́tùn-ún. Kì í ṣe pé mi ò mọ ìyàtọ̀, ọdún 16 ló ti mọ́ ọwọ́ mi lára. Mo ya bracket kan tó máa gbé bréékà dúró, irin 2 mm, mo fi ránṣẹ́. Lọ́jọ́ kejì wẹ́dà kan gòkè wá, ìbọ̀wọ́ ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó gbé ọ̀kan sórí tábìlì mi, ó ti ìka bọ ojú ihò ẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ihò yìí kọjú sí ògiri o." 24 ni wọ́n ti tẹ̀.

Mo dìde lójú ẹsẹ̀ lọ bá ọ̀gá kó tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì, mo ní èmi ni. Ohun tẹ́ ẹ̀yin náà máa ṣe nìyẹn. Látìgbà yẹn, mi ò jẹ́ kí wọ́n gé irin àkọ́kọ́ láìjẹ́ pé mo mú pépà sọ̀kalẹ̀ lọ bá ẹni tó máa tẹ̀ ẹ́, kó fọwọ́ júwe fún mi bó ṣe rí lójú ẹ̀.

Ọ̀gá yẹn, mo fi ọdún 14 jù ú lọ. Ó ń pè mí ní ẹ̀gbọ́n, èmi ń pè é ní ọ̀gá, a ò fi "ẹ" du ara wa, ọ̀rọ̀ parí. Ẹ má pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ lórúkọ lásán níwájú àwọn ọmọ workshop, tí drawing ẹ̀ bá sì ní àléébù, ẹ dúró dìgbà tó bá ku ẹ̀yin méjì.

Ẹ tún kó ẹnu yín níjàánu lórí "níbi tí mo ti wá". Tó bá ti pọ̀ jù, etí wọn á di sí i. Inú ìwé kékeré kan ni mò ń kọ gbogbo ohun tí mo rí tí ò tẹ́ mi lọ́rùn sí, lẹ́yìn oṣù méjì mo tún un kà, nínú 11, 8 ló nídìí tí mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Nínú 3 tó kù, mo mú ọ̀kan lọ bá ọ̀gá: ihò hinge ilẹ̀kùn. Ọ̀dà powder coat lè nípọn tó 60 sí 100 micron (1,000 micron ló wà nínú 1 mm), ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ inú ihò yíká, ihò tó gba pin dáadáa tẹ́lẹ̀ á wá há, làwọn ọmọ bá ń fi fáìlì họ ọ́. Mo ní ká fi 0.2 mm kún un látinú drawing. Wọn ò họ ọ́ mọ́.

Ti sọ́fúwẹ̀, AutoCAD ni mo mọ̀, SolidWorks ni wọ́n ń lò. Ẹ má fi iṣẹ́ wọn kọ́ ọ. Ẹ mú nǹkan tẹ́ ẹ mọ̀ bí ẹní mowó, kẹ́ ẹ máa yà á lálẹ́. Géètì ilé wa ni mo fi téèpù wọ̀n, mo yà á lẹ́ẹ̀mẹrin kọ́wọ́ mi tó yá.

Àwọn tẹ́ ẹ jọ ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, ẹ má sá fún wọn torí pé ọ̀rọ̀ náà dùn yín. Tí mo bá gbọ́ pé àyè ṣí, mo máa ń fi tó wọn létí. Ẹni tó ń jó irin kánópì fún wa ní Ìsọlọ̀ ti wọlé síbí lóṣù tó kọjá, tábìlì kejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà ni wọ́n fún un, òun ni mò ń mú pépà lọ bá báyìí.