Ẹ má fi símẹ́ńtì rẹ́ ògiri amọ̀: àṣìṣe tá a ṣe nígbà tá a sọ sítọ́ọ̀ kòkó di họ́ọ̀lù àdúgbò

Ẹni tó bá mọ Láfẹ̀nwá l'Abẹ́òkúta dáadáa á mọ irú ilé tí mò ń sọ. Ilé amọ̀ gbọọrọ, páànù rẹ̀ ti dógùn-ún, kò ní fèrèsé gidi, àfi ihò kéékèèké tó tò lọ sókè lábẹ́ òrùlé. Kòkó àti ẹkùrọ́ ni wọ́n ń kó síbẹ̀ láyé ọjọ́un, torí ojú irin tó dé Ìbàdàn ní 1901 gba ibẹ̀ kọjá. Lẹ́yìn tí ìjọba tú bọ́ọ̀dù kòkó, tó ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀, ká ní 1986, tiwa di ilé ewúrẹ́. Ìgbà tí CDA wa, ìyẹn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, wá gbà á lọ́wọ́ ẹbí tó ni ín, pé káwọn obìnrin máa kọ́ṣẹ́ àdìrẹ níbẹ̀, káwọn ọmọ máa kàwé lálẹ́, ká sì máa ṣèpàdé, gbogbo wa ń yọ̀, a ò mọ̀ pé a máa ba nǹkan jẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Èyí tó jẹ wá lówó jù ni símẹ́ńtì. Bíríkìlà wò ó, ó ní ògiri ti ń ṣí, ká fi símẹ́ńtì rẹ́ ẹ tinú tòde kó lè le gbagidi. A gbà. Ìlú tí Ewékorò wà nítòsí ẹ̀, tí wọ́n ti ń ṣe símẹ́ńtì láti 1960, ta ló máa bá símẹ́ńtì jà níbẹ̀? Ọdún àkọ́kọ́ ó dáa, àwọn èèyàn ń ya fọ́tò níwájú ẹ̀. Òjò ọdún kejì ni ìsàlẹ̀ ògiri bẹ̀rẹ̀ sí í wú bí ikùn aláboyún. Mo fi ìka kan án, ó dún bí igbá òfìfo. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì, ẹyọ kan tó tóbi tó ilẹ̀kùn já bọ́ lulẹ̀, mo wá fọwọ́ kan amọ̀ tó wà lẹ́yìn ẹ̀, ó rọ̀ bí ẹ̀kọ, ìka mi wọlé dé oríkèé.

Ṣé ẹ rí i, ògiri amọ̀ a máa fa omi láti ilẹ̀, á sì máa mí i jáde lójú ara ẹ̀ tí oòrùn bá ràn. Símẹ́ńtì ò jẹ́ kó mí. Omi á há sínú, amọ̀ á padà di ẹrẹ̀ tó jẹ́ tẹ́lẹ̀, tẹ́ ẹ bá sì ní kẹ́ ẹ ha símẹ́ńtì ọ̀hún kúrò, á fa amọ̀ tó dáa dání. Ọ́ìlì pẹ́ńtì náà, ìkan náà ni. Kọnkéré tí wọ́n tẹ́ nálọ́ọ̀nù sábẹ́ ẹ̀ náà ń kó bá ògiri, torí omi tí ò rọ́nà gbà jáde nílẹ̀ á sá lọ bá a.

Ibi tí omi ti ń wá ló yẹ ká kọ́kọ́ wò. Òrùlé kúrú, gbogbo ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀ ń dà sí ẹsẹ̀ ògiri. Ká fa òrùlé gùn, ká gbẹ́ gọ́tà, ká to òkúta sí ẹsẹ̀ ògiri, àbí òkúta wọ́n l'Abẹ́òkúta ni? Lẹ́yìn ìyẹn kẹ́ ẹ wá po iyẹ̀pẹ̀ pupa tẹ́ ẹ ti kù mọ́ yanrìn àti koríko gígé wẹ́wẹ́, òun lẹ máa fi rẹ́ ògiri dípò símẹ́ńtì. Àwọn míì ń fi ìgbẹ́ màlúù sí i, kì í rùn mọ́ tó bá ti gbẹ. Ẹ dán an wò lára ògiri ní ojú mẹ́ta mẹ́rin, kí yanrìn pọ̀ nínú ọ̀kan, kó kéré nínú òmíì, èyí tí ò bá sán lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ni kẹ́ ẹ lò. Baba àgbàlagbà kan ládùúgbò ló kọ́ wa. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ kàwé, ẹ ò dẹ̀ béèrè."

Ihò òkè yẹn, àwa dí i torí àdán. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni inú họ́ọ̀lù di ààrò. Ibẹ̀ ni ooru ń gbà jáde, àwọn tó kọ́ ọ kì í ṣe òmùgọ̀. Nẹ́ẹ̀tì onírin la padà fi sí i. Ẹnì kan tiẹ̀ ní ká ra AC, mo ní ta ló máa san owó iná.

Ẹ wò ó, asbestos ò ṣe é bá ṣeré o. Ó wà nínú síìlì àti òrùlé àwọn ilé àtijọ́ kan, ó rí bíi pátákó eléèérú. Tẹ́ ẹ bá fi ayùn rẹ́ ẹ tàbí tẹ́ ẹ fọ́ ọ, eruku ẹ̀ á wọ ẹ̀dọ̀fóró, jẹjẹrẹ tó ń fà sì lè pẹ́ ju ogún ọdún lọ kó tó yọjú. Tó bá wà lódindi, ẹ fi í sílẹ̀ jẹ́ẹ́. Tó bá di dandan kó kúrò, ẹ wá ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe, kí wọ́n fi omi rin ín, kí wọ́n tú u lódindi.

Sólà ńkọ́? Ẹ ka ohun tó máa gbé kẹ́ ẹ tó rà á. Fáànù 4 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ 60 wáàtì, gílóòbù 10 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ 10, gbogbo ẹ̀ jẹ́ 340. Áyọ́ọ̀nù kan ṣoṣo táwọn aládìrẹ fi ń lọ aṣọ lè jẹ 1,000. A ò kà á, bátìrì kú kó tó pé ọdún, áyọ́ọ̀nù eléèédú ni wọ́n ń lò níta báyìí. Kí páànẹ́lì tó gorí òrùlé, kí kápẹ́ńtà fi súkúrù-dírábà gún gbogbo igi àjà, ibi tó bá wọlé wẹ́rẹ́, ikán ti jẹ ẹ́ tán. Omi aró náà, kọ́stíìkì tó ń jó ara wà nínú ẹ̀, ẹ wá àyè ẹ̀ tó jìnnà sí kànga kẹ́ ẹ tó da ilẹ̀, àwa padà fọ́ ilẹ̀ tuntun ni.

Ti ìwé ló kù. Olórí ẹbí nìkan ló fọwọ́ sí tiwa, ìgbà tá a parí pẹ́ńtì ni ìdí-igi kejì ti Èkó dé pẹ̀lú lọ́yà, oṣù mẹ́fà la fi tì í pa. Gbogbo ìdí-igi ni kẹ́ ẹ jẹ́ kó fọwọ́ sí i, kẹ́ ẹ sì kọ iye ọdún sí i.

Nígbà tá a tún ṣí i, kọ́kọ́rọ́ ẹyọ kan ló wà, ọwọ́ alága ló wà, alága lọ sí Ṣàgámù, àwọn obìnrin jókòó sábẹ́ máńgòrò títí di ọ̀sán pẹ̀lú aṣọ tí wọ́n ti dì. Mẹ́ta la gé báyìí. Ọ̀kan wà lọ́dọ̀ ìyá tó ń ta ẹ̀kọ níwájú ibẹ̀, òun kì í lọ síbì kankan.