Bí a ṣe lè rí ayọ̀ lọ́jọ́ tí nǹkan kéékèèké bá ń dá wa lágara ní Ìkòròdú

Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí ń gbé Ìkòròdú ni ó mọ bí òwúrọ̀ ṣe lè bàjẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́ tán: iná a lọ nígbà tí áyọ́ọ̀nù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbóná, omi a dá, ọkọ̀ tí a ti ń retí láti àárọ̀ a sì ti kún kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó tó sunkún sí, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gun ara wọn, wọ́n lè gba odidi ọjọ́ lọ́wọ́ ènìyàn. Mo gbàgbọ́ pé a lè kọ́ bí a ṣe ń gba ọjọ́ náà padà, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń kọ́ṣẹ́ ọwọ́.

Ẹ kọ́kọ́ wọn ìyọnu náà. Ẹ sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ gan-an fún ara yín ní gbólóhùn kan: “Ọkọ̀ kan ti lọ, n óò dúró fún ogún ìṣẹ́jú sí i.” Ẹ má fi “gbogbo ìgbà ni wọ́n ń ṣe èyí sí mi” kún un, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ogún ìṣẹ́jú ti ń di ẹ̀dùn ọkàn ọlọ́dún gbọọrọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá iṣẹ́ fún ojú yín. Bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá dá wa dúró lórí afárá Májídùn, ẹ̀yìn ọkọ̀ iwájú ni ọ̀pọ̀ wa máa ń tẹjú mọ́, bẹ́ẹ̀ omi tẹ́ lọ rẹrẹ lọ́tùn-ún lósì. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo rí ọkùnrin kan tí ó dúró ṣánṣán nínú ọkọ̀ ọlọ́pọ́n tí iyanrìn kún inú rẹ̀ débi pé etí ọkọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ bá omi dọ́gba. Ó ń fi ọ̀pá ti ọkọ̀ náà lọ ní jẹ́ẹ́jẹ́, kò sì jẹ́ kí ìkán omi kan wọlé. Nígbà tí ọkọ̀ wa fi máa gbéra, mo ti gbàgbé pé inú ń bí mi.

Ohun tí ó tún máa ń dá wa lágara ni ṣénjì. Kọ́ńdọ́tọ̀ kan so èmi àti ìyá àgbàlagbà kan pọ̀ ní Sábó, ó ki ẹgbẹ̀rún náírà kan bọ̀ wá lọ́wọ́, ọkọ̀ rẹ̀ sì ti lọ kí n tó lanu. Inú bí mi gidigidi, nítorí mo ti pẹ́. Ìyá náà wo ojú mi, ó ní, “Ọmọ mi, má bínú, jẹ́ ká lọ ra nǹkan tí a ó fi ṣẹ́ ẹ.” A jọ rìn dé ìdí agbada alákàrà, ó ra díẹ̀, a pín owó, ó sì mú ọ̀kan fún mi nínú àkàrà rẹ̀, ó gbóná débi pé mo ń jù ú láti ọwọ́ kan sí èkejì. Ó wá ṣàdúrà fún mi bí ẹni pé òun ló bí mi. Lóòótọ́ ni àkókò mi lọ, ṣùgbọ́n n kì bá tí mọ ìyá náà ká ní ṣénjì wà.

Ẹ jẹ́ kí ayọ̀ tí ó bá dé pẹ́ díẹ̀ lọ́dọ̀ yín. Bí iná bá dé, tí àwọn ọmọ àdúgbò sì pariwo “Up NEPA!” (orúkọ tí ilé iṣẹ́ iná ti pa tì láti ọdún 2005), ẹ dúró gbọ́ ọ tán kí ẹ tó sáré lọ ki fóònù bọ iná.

Èmi kò sọ pé kí a máa rẹ́rìn-ín sí ìyà o. Ẹni tí wọ́n bá rẹ́ jẹ gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀, ẹni tí kò bá sì rí oorun sùn, tí oúnjẹ kò lọ lẹ́nu rẹ̀, tí ohunkóhun kò dùn mọ́ ọn fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ó lọ rí dókítà.

Èyí tí ó kù ni ìwé kékeré kan. Ní ọdún 2003, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí ènìyàn méjì, Robert Emmons àti Michael McCullough, tẹ ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ti ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan máa kọ ohun ọpẹ́ tí kò ju márùn-ún lọ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí àwọn mìíràn sì máa kọ ohun tí ó yọ wọ́n lẹ́nu. Àwọn tí ń kọ ohun ọpẹ́ ni ayé wọn tẹ́ wọn lọ́rùn jù. Alẹ́ ọjọ́ Àìkú ni èmi ń kọ tèmi. Ẹ má kọ “mo dúpẹ́ fún ẹ̀mí” nìkan. Ẹ kọ àkàrà gbígbóná, ẹ kọ ọkùnrin oníyanrìn. Bí ẹ kò bá sì rí ju ẹyọ kan lọ lọ́sẹ̀ kan, ẹ kọ ẹyọ náà, kí ẹ pa ìwé dé títí di ọjọ́ Àìkú mìíràn.