Ẹ Yéé Ta “Unlimited” Lábúlé: Àṣìṣe Tí Ń Jẹ Owó Ẹni Tó Ń Ta Wi-Fi

Láti ìgbà tí Starlink, íntánẹ́ẹ̀tì tó ń ti sátẹ́láìtì wá, ti wọ Nàìjíríà ní oṣù kìíní ọdún 2023, oṣù kan kì í lọ kí ẹnìkan má pè mí láti Òkè-Ògùn tàbí láti Ìbàràpá wa níbí. Ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń sọ: wọ́n ti ra díìṣì, wọ́n ti ra ráútà MikroTik, wọ́n ti ri òpó mọ́lẹ̀, àwọn èèyàn sì ń lò ó, àmọ́ wọn ò rówó san súbù oṣù tó ń bọ̀. Lóṣù tó kọjá nìkan, ẹni mẹ́ta ló pè. Ọ̀kan nínú wọn, owó kajú tó tà lọ́dún yìí ló kó lé e lórí tán pátá. Inú bí mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn débi pé oúnjẹ ò lọ lọ́fun mi.

Mi ò ní kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń so wáyà tàbí bí wọ́n ṣe ń dojú ántẹ́nà kọ ara wọn. Ẹ ti mọ ìyẹn. Owó ni mo fẹ́ bá yín sọ: iye tí ẹ ń tà á, àti ìwọ̀n tí ẹ ń wọ̀n fún oníbàárà.

1. Ẹ ń gbé iye owó Ìbàdàn wá sí Àyétẹ̀ ní Ìbàràpá. Olówó oṣù ló ń ra dátà oṣù. Ìyá tó ń ta gààrí kì í rí ₦6,000 yọ sọ́tọ̀ lọ́jọ́ kìíní oṣù, àmọ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ ọjà, kò ní jiyàn kó tó fi ₦500 lé yín lọ́wọ́. Ọdún kan gbáko ni mo fi ta káàdì oṣù kí ojú mi tó là sí èyí. Ìgbà tí mo wá ṣe káàdì tó ń lọ láti ọjà kan dé ọjà kejì, àwọn tí mo rò pé wọn ò fẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì rárá ló bẹ̀rẹ̀ sí í tò síwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Nígbà tí kajú bá ń jáde, ẹ gbé káàdì ńlá síta. Nígbà tí ọwọ́ àgbẹ̀ bá gbẹ, ẹ gbé ti ₦200 síta.

2. Ẹ má fi súbù ilé ṣòwò. Ó wà nínú àdéhùn tí ẹ fọwọ́ sí láìkà pé a kì í tún un tà. Ẹ gba èyí tí ilé iṣẹ́ náà fọwọ́ sí pé kí ẹ máa tún tà, kí ẹ sì wá ìwé àṣẹ NCC, àjọ tó ń ṣàkóso ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà.

3. Ẹ yéé ta “unlimited”, ìyẹn dátà tí kò ní òdiwọ̀n. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ wà.

Bí mo bá ti sọ ọ́, èsì tí mo máa ń gbọ́ ni pé, “Bọ̀ọ̀dá, mi ò nílò cap, òdiwọ̀n GB yẹn, mo ti dín gbogbo wọn kù sí 2 Mbps.” Mo máa ń ní kí ẹni náà mú bírò. Mbps ni ìwọ̀n eré, bit mẹ́jọ ló sì ń di byte kan, nítorí náà 2 Mbps pín sí ọ̀nà mẹ́jọ jẹ́ 250 KB ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ní wákàtí kan, ó di 900 MB. Ní ọjọ́ kan, 21.6 GB. Ní ọgbọ̀n ọjọ́, 648 GB, fún ẹnì kan ṣoṣo tó san ₦4,000. Dídín eré kù yàtọ̀ sí fífi òdiwọ̀n sí i. Ẹ̀rọ omi tó ń kán tótó látàárọ̀ ṣúlẹ̀ yóò kún àgbá bó ti wù kó kéré tó.

Mo mọ̀ ọ́n torí mo ṣe é. Ní 2023 yẹn, ₦4,000 lóṣù ni mo ń gbà, kò sí òdiwọ̀n, ogójì èèyàn sì ni mo ní. Ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan wà lẹ́yìn ọjà. Ẹnì kan ṣoṣo ló sanwó níbẹ̀, ó wá fi fóònù rẹ̀ pín in fún ẹni mẹ́jọ. Ọ̀kan nínú wọn ń wa géèmù kan tó lé ní 100 GB sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó sì fi ọjọ́ mélòó kan wà á, ojúmọmọ àti alẹ́. Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí kan, tó jẹ́ pé òun ni kì í jẹ mí lówó rí, fẹ́ fi fídíò WhatsApp bá ọmọ rẹ̀ ní London sọ̀rọ̀ láago mẹ́jọ alẹ́. Ojú ọmọ náà kàn dúró gbagidi lórí fóònù, ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ohùn ò jáde. Nọ́ọ̀sì wá bá mi láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Kò pariwo. Ó ní, “Bọ̀ọ̀dá, ẹ gba owó mi, ẹ ò fún mi ní nǹkan kan.”

Ẹni 17 ló fi mí sílẹ̀ lóṣù yẹn. Ẹ wo àwọn tó lọ: nọ́ọ̀sì, tíṣà méjì, pásítọ̀, ìyá oníṣọ́ọ̀bù POS. Àwọn tí ìlò wọn kéré tí owó wọn sì pé ló lọ. Àwọn ọmọ géèmù dúró digbí. Ohun tí “unlimited” ń ṣe nìyẹn: ó ń lé ẹni tó ń sanwó jù bó ṣe ń lò, ó ń kó ẹni tó ń lò ju bó ṣe ń sanwó jọ sí yín lọ́rùn.

Ohun tó sì pẹ́ kó tó yé mi ni pé lórí súbù tí kò ní òdiwọ̀n látòkè, kì í ṣe GB ló ń tán. Wákàtí alẹ́ ló ń tán. Láago méjì òru, ọ̀nà wa ṣófo, kò sẹ́ni níbẹ̀. Láàárín aago méje sí mẹ́wàá alẹ́, nígbà tí wọ́n ti ti oko dé tí wọ́n sì jẹun tán, gbogbo ìlú dé lẹ́ẹ̀kan náà. Wákàtí mẹ́ta yẹn ni ọjà tí ẹ ń tà. Ìyókù, ẹ lè fi ṣe ènì.

Bí mo ṣe wá ṣe é nìyí. Káàdì ní òdiwọ̀n GB láti aago mẹ́fà òwúrọ̀ di ọ̀gànjọ́. Láti aago méjìlá òru títí di mẹ́fà, mi ò kà á. Ọmọ géèmù ń wa géèmù rẹ̀ lóru, nọ́ọ̀sì ń rí ojú ọmọ rẹ̀ lálẹ́. Iná bátìrì nìkan ni òru ń ná mi, ráútà ò sì jẹ iná púpọ̀. Nọ́ọ̀sì padà wá lẹ́yìn oṣù méjì.

Bó bá sì jẹ́ síìmù ilé iṣẹ́ ńlá lẹ fi ń fa nẹ́tíwọọ̀kì wá, ẹ ka ọ̀rọ̀ wínníwínní tí wọ́n kọ sísàlẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní fair usage. Èmi náà ra “unlimited” rí lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ kan. Oṣù ò tíì dé àárín tí eré rẹ̀ fi wálẹ̀ débi pé fọ́tò kan ò ṣí, owó oníbàárà sì ti wà lọ́wọ́ mi.

4. Ẹ ń fi òdiwọ̀n sí i, ẹ ò sọ fún oníbàárà bó ṣe ń tán. Ìyá kan tó ń ta ata ra 1 GB lọ́wọ́ mi. Kò pé ogún ìṣẹ́jú tó fi padà dé. “Ìwọ ọmọ yìí, o ti jí dátà mi. Ohùn méjì péré ni mo fi ránṣẹ́!” Mo ní, “Màmá, ẹ má bínú, ẹ jẹ́ ká wo fóònù yín.” A ṣí i: áàpù 14 ti ṣe update, fọ́tò ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ sì ń gòkè lọ sí Google lọ́kọ̀ọ̀kan. Fóònù bá ti rí Wi-Fi, ó gbà pé ọ̀fẹ́ ni. Lórí 8 Mbps, 1 GB kì í ju ìṣẹ́jú 17 lọ. Mo bá a tẹ orúkọ Wi-Fi wa, mo yí i sí metered kí fóònù lè mọ̀ pé dátà olówó ni, mo pa update, mo sì fi 1 GB mìíràn jìn ín. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi lo ìyẹn. Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá ra káàdì àkọ́kọ́ lọ́wọ́ mi, mo máa ń gba fóònù rẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ kó tó kúrò níwájú mi. Lórí iPhone, Low Data Mode ni ẹ ó wá.

Àwọn tó kéré wà tí mi ò ní fi nọ́ńbà sí. Ẹ pa fasttrack, ọ̀nà àbùjá tó wà lórí MikroTik, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ òdiwọ̀n eré tí ẹ fi sí queue, ibi tí ráútà ti ń dín eré kù, kò ní ṣiṣẹ́. Ẹ yọ ìtọ́wò ọ̀fẹ́ kúrò, fóònù ìsinsìnyí lè yí àdírẹ́sì MAC rẹ̀, nọ́ńbà tí ráútà fi ń dá a mọ̀, padà, ẹnì kan yóò sì tọ́ ọ wò láàárọ̀ títí di alẹ́. Ẹ fi TTL, iye ráútà tí dátà lè gbà kọjá, sí 1 kí fóònù kan má di ráútà fún ilé odidi. Ẹ má wo ojú ọ̀nà láàárín òpó méjì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí igi tíìkì ti wọ́wé. Ẹ dúró kí òjò dé kí ẹ tún un wò. Ẹ ri earth mọ́ òpó yín, àrá ò mọ ẹni tó jẹ gbèsè.

Ọ̀rọ̀ iye owó ló kù. Nígbà tí NCC gba àwọn ilé iṣẹ́ ńlá láyè ní oṣù kìíní 2025 láti fi owó kún iye ìpè àti dátà títí dé ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún, ọ̀pọ̀ nínú yín kàn pín iye tí àwọn ilé iṣẹ́ náà ń tà sí méjì, ẹ kọ ìdajì rẹ̀ sára pátákó. Ta ló bá yín ṣírò rẹ̀? Súbù, epo, owó ọ̀kadà lọ sídìí òpó, owó tí ẹ ń kó pamọ́ fún bátìrì tí yóò kú: ká ní gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦150,000 lóṣù. Bí ọ̀nà yín bá gbé 60 Mbps lálẹ́, tí ẹnì kan sì nílò 2 Mbps kó tó wo fídíò láìdúró, ẹni 30 ni ó lè gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ìdá kan nínú mẹ́ta oníbàárà bá ń wọlé pa pọ̀, 90 ni ẹ lè ní. Ẹ pín ₦150,000 yẹn sí 90: ₦1,667 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tó ra búrẹ́dì sílé. Ẹni tó ń ta ₦1,000 lóṣù ń fi owó ara rẹ̀ ra dátà fún ìlú ni.

Ẹni owó kajú yẹn fẹ́ ra díìṣì kejì. Mo ní kó fọwọ́ mú owó rẹ̀ ná. Mo ń lọ bá a lọ́jọ́ Sátidé. A ó jọ jókòó ti ráútà rẹ̀ láti aago méje sí mẹ́wàá alẹ́, ká wo ẹni tó ń jẹ ẹ́.