Bí A Ṣe Ń Wọn IL-6 Nínú Ẹ̀jẹ̀ Tí Èsì Rẹ̀ Kò Fi Ní Tan Ni Jẹ

Bí kòkòrò àrùn bá wọlé, tàbí tí ara bá gba ọgbẹ́, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó bá kọ́kọ́ fura á tú IL-6 (interleukin-6) sínú ẹ̀jẹ̀. Purotéènì tó ń jíṣẹ́ ni, ẹ̀dọ̀ sì wà lára àwọn tó ń jẹ́ iṣẹ́ fún jù. Ẹ̀dọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe CRP (purotéènì tó máa ń ga bí ara bá ń gbógun ti àrùn tàbí ọgbẹ́) àti fibrinogen (èyí tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì) lọ́pọ̀, á dín albumin, purotéènì tó pọ̀ jù nínú omi ẹ̀jẹ̀, kù, á sì tú hepcidin jáde, èyí tó ń sé èròjà áyọ́ọ̀nù (iron) tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀ mọ́ ibi tí ara kó o pamọ́ sí. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀jẹ̀ fi máa ń dín lára ẹni tí làkúrègbé ti ń bá fínra tipẹ́, bó tilẹ̀ ń jẹun dáadáa. Fún ọjọ́ mélòó kan, iṣẹ́ rere ni IL-6 ń ṣe. Bó bá kọ̀ tí kò lọ ni oríkèé ń wú, tí eegun ibẹ̀ sì ń jẹ.

Ẹ kọ wákàtí tí ẹ gba ẹ̀jẹ̀ sára túùbù. IL-6 ń gòkè láàárín wákàtí kan sí méjì; CRP máa ń tó wákàtí mẹ́fà kó tó gbéra, nǹkan bí wákàtí 48 ló sì ń dé téńté. Bí IL-6 bá ga tí CRP ṣì wà nílẹ̀, ó lè jẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Bí CRP bá ga tí IL-6 ń wálẹ̀, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé ara ti ń yá. Ẹ má gba ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn eré ìdárayá líle, torí iṣan tó ń ṣiṣẹ́ náà ń tú IL-6 jáde.

Túùbù EDTA, èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ni kí ẹ lò. Ẹ gba ẹ̀jẹ̀ dé ojú àmì, kí ẹ sì dojú rẹ̀ dé jẹ́jẹ́ nígbà mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Ẹ má mì ín. Kí wákàtí kan tó pé, ẹ ti gbé e sínú centrifuge (ẹ̀rọ tó ń fi ìyípo ya sẹ́ẹ̀lì kúrò lára omi ẹ̀jẹ̀) ní agbára 1,000 × g fún ìṣẹ́jú 15. Iye ìyípo ní ìṣẹ́jú kan kọ́ nìyẹn o: ẹ̀rọ méjì lè yí bákan náà kí agbára wọn má dọ́gba. Ẹ̀jẹ̀ tó bá pẹ́ lórí tábìlì ti bàjẹ́ fún iṣẹ́ yìí, nítorí sẹ́ẹ̀lì funfun inú rẹ̀ ṣì wà láàyè, ó sì lè máa tú IL-6 sí i. Ẹ fa omi òkè nìkan, kí pípẹ́ẹ̀tì má kan ìlà funfun tó wà láàárín. Ẹ pín in sí 250 µL, kí ẹ gbé e sí −80°C. Èyí tó bá ti yọ́, ẹ má tún un dì.

Tó bá di ti ELISA, ìyẹn àyẹ̀wò inú àwo oníhò tí áńtíbọ́dì méjì ti ń há IL-6 mọ́ àárín, tí ẹ́ńsáìmù ara èkejì sì ń mú àwọ̀ yọ, ihò méjì méjì ni fún ayẹ̀wò kọ̀ọ̀kan. Ibi fífọ àwo ni iṣẹ́ ti sábà máa ń bàjẹ́: bí omi áńtíbọ́dì tó gbé ẹ́ńsáìmù bá kù sínú ihò, gbogbo rẹ̀ á yọ àwọ̀, títí kan ihò tí a kò fi nǹkan sí. Ẹ dojú àwo dé, kí ẹ gbá a mọ́ tíṣù gidi. TMB, omi tó ń yọ àwọ̀, kò fẹ́ ìmọ́lẹ̀; á yọ búlúù, ásíìdì á sọ ọ́ di yẹ́lò, ẹ ó sì kà á ní 450 nm láìjáfara. Bí ihò méjì bá fi ju 15% lọ yàtọ̀ síra, ẹ tún un ṣe. Èyí tó bá kọjá omi òdiwọ̀n tó ga jù, ẹ má méfò: ẹ là á ní ìlọ́po mẹ́wàá, kí ẹ tún un kà.

Bí iye náà kò bá bá ojú aláìsàn mu, ẹ fura sí áńtíbọ́dì inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, pàápàá bó bá ní làkúrègbé, torí ó lè so áńtíbọ́dì méjèèjì inú àwo pọ̀ láìsí IL-6 kankan. Ẹ là á wò: IL-6 gidi á wálẹ̀ ní ìwọ̀n bí ẹ ṣe là á, ayédèrú kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọ̀pọ̀ láàbù ló ń ka ohun tí kò tó 7 pg/mL sí ti ara líle. Nínú sepsis (ìgbà tí àkóràn bá mú kí ara máa ba ara rẹ̀ jẹ́) tó le, ó lè wọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ẹ má fi iye láti kíìtì kan wé ti òmíràn.

Ẹ béèrè oògùn tí aláìsàn ń lò. Tocilizumab, oògùn tí wọ́n ń lò fún làkúrègbé, ń dí ibi tí IL-6 ti ń so mọ́ ara sẹ́ẹ̀lì láti jíṣẹ́, ibẹ̀ náà sì ni ara ń gbà palẹ̀ rẹ̀ mọ́. IL-6 inú ẹ̀jẹ̀ á wá gòkè, CRP á sì lọ sílẹ̀ pátápátá. Ìgòkè yẹn kò sọ pé oògùn kò ṣiṣẹ́. Èyí tó léwu ni CRP tó lọ sílẹ̀ yẹn: àrùn ẹ̀dọ̀fóró lè wà níbẹ̀ kí CRP má gbéra rárá, nítorí náà èémí, ikọ́ àti fọ́tò àyà ni kí ẹ gbára lé.